Fìlà Olúsọjí àti Ẹsẹ̀ Abọ́sẹ̀dé

Bí ẹ bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal, tí ẹ sì jẹ́ kí òórùn àkàrà máa fà yín lọ, ẹ ò ní pẹ́ rí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ya fìlà gàgàrà sí iwájú rẹ̀. FÌLÀ CAFÉ ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn á rò pé fìlà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn kan sì máa ń wọlé béèrè iye tí wọ́n ń ta abetí-ajá. Olúsọjí tó ni ibẹ̀ kì í bínú sí wọn. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, kí ènìyàn ṣáà béèrè, kí òun lè fa àga kó jókòó.

Ìtàn náà kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ àkàrà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí Olúsọjí ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, ó ń ti ibi ìkómọ kan bọ̀, òjò sì ká a mọ́ ọ̀nà. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ó fẹ́ yà sí ilé ọtí kan lẹ́bàá odò. Kì í mutí o, tíì ló fẹ́ fi lé òtútù lọ. Ẹni tó ń ṣọ́nà ní kó ṣí fìlà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé nǹkan sórí wọlé nítorí kámẹ́rà. Olúsọjí ní fìlà òun kò bo ojú òun. Ọkùnrin náà ní òfin ni òfin. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó mẹ́ta jókòó sínú ilé náà pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lórí, wọ́n ń mu bíà, kò sì sí kámẹ́rà tí wọ́n dí lójú.

Olúsọjí kò jà. Ó lọ sílé, ó gbé bírò. Ó kọ lẹ́tà sí wọn pé òfin ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, sọ pé ẹni tó bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú láti tajà kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn ṣa oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ fi òfin ilé kan bojú ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ jiyàn. Nígbà tó yá, tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ti kóòtù, wọ́n fẹ́ fún un lówó, ó ní òun kò gbowó, ìwé ẹ̀bẹ̀ lòun fẹ́. Wọ́n kọ ọ́. Ó fi lẹ́tà tirẹ̀ sínú férémù, ó fi tiwọn sínú férémù kejì, ó gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri, òsì àti ọ̀tún, bí àwòrán ìyàwó àti ọkọ.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tó ń fọn sí i lọ́dọọdún. Ohun tó pa ilé ọtí náà lẹ́nu mọ́ ni pé obìnrin kan tó ń bá wọn tọ́jú ilé kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fojú ara òun rí àwọn òyìnbó tó dé fìlà, ó sì buwọ́ lù ú. Bí kì í bá ṣe ti obìnrin yẹn ni, ẹjọ́ ì bá ti dà sí Olúsọjí lára. Lọ́dún àkọ́kọ́, obìnrin náà ní orúkọ nínú ìtàn náà. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ti di "ìyá kan báyìí." Ìgbà tí Olúsọjí wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìjọ sì ń pariwo, ó ní, "Ọlọ́run rán áńgẹ́lì kan sí mi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Láti ọjọ́ náà ló ti di áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì sì rọrùn, nítorí áńgẹ́lì kì í retí kí ènìyàn wá kí òun kú oore.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ọlá fẹ́ kún ọlá. Ẹgbẹ́ àwọn aládùúgbò ní Thamesmead ní kó wá sọ̀rọ̀ fún àwọn ní ọjọ́ Sátidé kan nínú gbọ̀ngàn tó wà létí Birchmere Park. Àkọlé ọ̀rọ̀ náà ni "Ilẹ̀kùn Ṣí fún Gbogbo Ènìyàn." Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri káàkiri, òun àti fìlà rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n bá òun hun aṣọ òkè tuntun, nítorí fìlà tó máa bá igbákejì olórí ìgbìmọ̀ ìlú ya fọ́tò kì í ṣe fìlà àtijọ́.

Àárín ìmúrasílẹ̀ yìí ni Pásítọ̀ Gbémiga dá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Takisí ni Gbémiga ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, igbákejì olùṣọ́ àgùntàn ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Olúsọjí, àwọn ọmọ ìjọ sì máa ń tẹ̀ lé e wá jẹun. Ọjọ́ Sunday yìí kan náà ni àwọn aláṣọ funfun láti ìjọ kan ní Thamesmead máa ń yà wá mu ògì, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà.

"Brother Ṣọjí," ni Gbémiga wí, ó na ṣíbí sí ilẹ̀, "ẹ wo floor yín. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ yẹn dé? Health and safety ńkọ́? Ká má tíì sọ spiritual side ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi ò lè máa jẹ àkàrà níbi tí ẹsẹ̀ àwọn wòlíì ti ń kan tèmi lábẹ́ table."

Olúsọjí rò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ilé sí etí odò máa ń wọlé pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ gun dé kókósẹ̀, ó sì máa ń kí wọn káàbọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bàtà ni bàtà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ní èdè méjì kó má baà sí àṣìgbọ́: KÒ SÍ BÀTÀ, KÒ SÍ ÌWỌLÉ. Ó fi kún un nísàlẹ̀ pé nítorí ìmọ́tótó ni. Ó pọ̀ tó fún un, ó sì dà bí òfin gidi lójú rẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀, obìnrin àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn níwájú ilé oúnjẹ náà. Sùtánà rẹ̀ funfun báláú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi. Olúsọjí rí ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀yìn káńtà, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá náà tó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, sà," ni ìyá náà wí.

"Ẹ káàsán, Mummy. Ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo sign."

"Mo ti rí i. Sùtánà ló wà lọ́rùn mi, mi ò lè wọ bàtà sí i. Ògì péré ni mo fẹ́ mu. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ já."

"It's not personal, Mummy. Policy ni. Everybody ló kàn. Bí ọba bá wá síbí láìwọ bàtà, màá ní kó padà."

Ìyá náà kò jiyàn. Ó dúró nínú òjò, ó wo èjìká Olúsọjí kọjá sínú ilé, ojú rẹ̀ sì dúró lára ògiri. "Lẹ́tà nìyẹn?" ló bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Olúsọjí, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ó gbàgbé òjò, ó gbàgbé ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkómọ. Ó sọ ti kámẹ́rà, ó sọ ti àwọn òyìnbó mẹ́ta, ó fi ohùn ẹni tó ń ṣọ́nà sọ̀rọ̀. Ìyá náà ń gbọ́, omi ń kán létí sùtánà rẹ̀. Nígbà tó dé ibi áńgẹ́lì, Olúsọjí gbọ́wọ́ sókè.

"Áńgẹ́lì?" ni ìyá náà wí.

"Áńgẹ́lì, Mummy! Ọlọ́run mi kì í sùn!"

"Ọlọ́run tóbi," ni ìyá náà dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya lẹ́tà yẹn ní fọ́tò?"

Inú Olúsọjí dùn dé ibi tó pọ̀. Àmọ́ ìyá náà kò lè wọlé, òfin ni òfin. Nítorí náà Olúsọjí fúnra rẹ̀ lọ gbé férémù apá òsì kúrò lára ògiri, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà, ó fi apá bò ó kí òjò má baà pa á, ó sì dì í mú gbọingbọin títí tí ìyá náà fi yà á tán. Ó tiẹ̀ ní kó yà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ìmọ́lẹ̀ má baà dí ọ̀rọ̀. Ìyá náà dúpẹ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìmu ògì. Olúsọjí padà sídìí káńtà, ó ń ronú pé ará ìlú ṣì mọyì òun.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ní ọjọ́ Tuesday, lẹ́tà kan dé. Sátidé tí yóò sọ̀rọ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin.

Olúsọjí kà á lórí ìdúró. Wọ́n ní ó fi ẹ̀sìn ṣa oníbàárà ní ilé oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kó yí òfin ilé rẹ̀ padà, kó sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kóòtù yóò bá wọn dá sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ gbóná. Ó pe Dámi.

Dámi ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́. Woolwich níbí ni wọ́n bí i sí, "ẹ" kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ó wá nígbà tó parí iṣẹ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà.

"Wàhálà lásán," ni bàbá rẹ̀ ń sọ, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Wo irú Gẹ̀ẹ́sì. Wo bó ṣe ń fọ́nnu. Ẹni tó kọ ọ́, agbéraga ni, it's obvious."

"Daddy, this letter is good," ni Dámi wí. "Like, really good. Gbọ́." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yín nínú òjò. Ẹ ò béèrè orúkọ mi. Ẹ ò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni ẹ wò. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ìdọ̀tí, ara aṣọ mi ni. Ẹ má sì kọ̀wé sí mi pé bí inú bá bí mi, kí n má bínú. Kò sí 'bí' níbẹ̀. Inú bí mi."

"Ta ló bá a kọ ọ́?" ni Olúsọjí bi í. "Lọ́yà ni. Ó máa jẹ́ lọ́yà."

"Mi ò mọ̀. Ó weird díẹ̀ ṣá. Obìnrin ló sign ẹ̀, àbí? Abọ́sẹ̀dé Ajíṣafẹ́. But níbí, ó ní, 'gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta tó ń wa bọ́ọ̀sì'..."

Dámi tún ìlà náà kà. Ó gbé orí sókè, ó wo ògiri. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú férémù apá òsì, ó gbé lẹ́tà tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Daddy. Lẹ́tà ẹ ni."

"Lẹ́tà mi báwo?"

"Word for word! Ibi tí o ti kọ fìlà nìkan ló ti kọ ẹsẹ̀. Ó tiẹ̀ copy ibi tí o ti misspell 'flabbergasted.'"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun pàṣán, tó gbé e kọ́ sára ògiri, tó tún gbé e kalẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà pé kó yà á dáadáa, kí ni òwe yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Olúsọjí gbá tábìlì.

"Olè ni! Ó jí lẹ́tà mi! Dámi, ṣé a lè pe olè lẹ́jọ́?"

"O lè dákẹ́ ná," ni Dámi wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Daddy, sign tí o lẹ̀ yẹn, illegal ni, or close to it. Bàtà kàn ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn tó ń wọlé níbí láìwọ bàtà, people of one church ni. Pọ́ọ̀bù yẹn náà ní 'everybody' nígbà yẹn. If this woman comes to that hall on Saturday, tó dìde níwájú gbogbo wọn, tó ka lẹ́tà yìí, o ti finish. Fìlà, poster, gbogbo ẹ̀."

Olúsọjí jókòó. Ojú rẹ̀ lọ síbi àwòrán ara rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fèrèsé. Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Orúkọ tí ìtàn náà fún un nìkan ló ní tí kì í ṣe yíyá.

"One more thing," ni Dámi tún wí. "Kò make sense. Ó ní, 'Ìyáàfin A. Ajíṣafẹ́ tó ń tọ́jú ilé wà níbẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀.' Òun ló sign lẹ́tà, òun náà tún ni witness? Ṣé èèyàn lè jẹ́ witness ara ẹ̀?"

"Mo ti sọ fún ẹ, oníjìbìtì ni."

"No, wait." Dámi tún yíjú sí ògiri. "Ó wà nínú tìẹ náà. Mrs A. Ajíṣafẹ́, the cleaner. Daddy, ta ni Mrs Ajíṣafẹ́?"

Olúsọjí tẹjú mọ́ orúkọ náà. Ó ń rí ọwọ́ kan tí rọ́bà ìfọlẹ̀ wà lára rẹ̀, tó ń bọ́ rọ́bà náà kúrò níka níka kó tó gba bírò. Ó rí ojú tó wà lókè ọwọ́ náà. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Mummy, màá wá dúpẹ́ ní ìdúpẹ́ gidi, lágbára Ọlọ́run." Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan sọ fún un ní gáréèjì bọ́ọ̀sì pé wọ́n ti lé ìyá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ lọ kí i ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Sátidé yẹn, òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀.

"Áńgẹ́lì ni," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ tó bí i lọ́mọ máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tó pe ẹlòmíràn lólè. Dámi wo bàbá rẹ̀, ó dìde, ó lọ ya ìwé ẹnu ọ̀nà kúrò, ó rún un mọ́wọ́. 

Ní ọjọ́ Wednesday, Olúsọjí wọ aṣọ tó dáa, ó dé fìlà Ìsẹ́yìn tuntun náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead. Ilé ìkẹ́rùsí ni ìjọ aláṣọ funfun náà sọ di ilé àdúrà, ibi tí wọ́n ń ṣe táyà ọkọ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìsìn àárọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ sùtánà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Uncle. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síbí. Socks náà. And your fìlà, please."

"Fìlà kì í ṣe hat," ni ẹnu Olúsọjí sọ fúnra rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ẹnu náà ti ń sọ ọ́, ó ti mọ́ ọn lára.

"Mo mọ̀, Uncle. It's not personal. Everybody ni."

Olúsọjí wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó gbé e wá kò tíì lọ. Bó bá sáré, ó lè bá a. Ó rántí pé ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò ní ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni láé lẹ́nu ọ̀nàkọnà nílùú yìí, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un nítorí gbólóhùn yẹn ní ìgbà tí kò níye. Ó ṣí fìlà. Orí rẹ̀ pá, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyẹn. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúdú, bíréèkì bọ́ọ̀sì ti ba èékánná rẹ̀ jẹ́. Sìmẹ́ǹtì náà tutù débi tí omi jáde lójú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga.

Nígbà tí ìsìn parí, Abọ́sẹ̀dé jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin kan ń wá a. Ó lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Olúsọjí dọ̀bálẹ̀, àyà kan ilẹ̀.

"Mummy, bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ yín..."

"Bí?"

Olúsọjí tún fi àyà lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. "Mo ṣẹ̀ yín," ló wí.

"Ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

Ó dìde. Kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. "Mummy, ẹ ò yọ 'ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta' kúrò nínú lẹ́tà yẹn."

"Kí n yọ ọ́ kẹ̀?" Ó ya ìyá náà lẹ́nu gan-an. "Lẹ́tà tó ti jẹ́ lẹ́ẹ̀kan! Ṣé ẹ̀yin máa ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú Sáàmù ni? Dáfídì ní òun wà nínú ihò, àwa náà ń kà á pé a wà nínú ihò, àdúrà sì ń gbà. Ibi tó kan ẹsẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Mo gbààwẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí omi kí n tó fi ránṣẹ́."

"Ẹ dá mi mọ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn?"

"Kí ẹ tó la ẹnu."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí fún mi?"

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ áńgẹ́lì lọ́wọ́," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mi ò fẹ́ já a mọ́ yín lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo buwọ́ lùwé yẹn ni wọ́n ní kí n má wá síṣẹ́ mọ́. Mo jókòó sílé, mò ń retí ẹ̀yin. Kì í ṣe ẹ̀bùn ni mò ń retí o. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wá sọ fún mi pé mi ò ya wèrè."

Olúsọjí ń wo ilẹ̀. Ìtìjú mú un, ìtìjú gidi, irú èyí tí ènìyàn kò lè fi ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo fẹ́ wá, Mummy."

"Ẹ ti wá náà." Ìyá náà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ṣé ẹ dá mi mọ̀ báyìí?"

"Mo dá yín mọ̀, Mummy. Ojú yín kò yí padà."

"Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ kí èmi náà wo ẹsẹ̀ yín dáadáa, kí n lè dá yín mọ̀ nígbà mìíràn."

Ó tẹ̀ síwájú, ó sì wò ó lóòótọ́, kò kánjú rárá. Ó wo àtàǹpàkò dúdú náà, ó wo ibi tí bàtà ti gé e. Olúsọjí fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì, kò sí ibi tó lè fi í pamọ́ sí. Fìlà Ìsẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rún un mọ́wọ́ bí ọmọ tí tíṣà pè síwájú.

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mo rí i lára ògiri ní láíbìrì. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ènìyàn. Sùtánà ni màá wọ̀."

"Mummy, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ ìtàn yín. Ẹ mọ̀ ọ́n sọ, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni kí ẹ sọ ọ́. Áńgẹ́lì yẹn nìkan ni kí ẹ yọ kúrò, kí ẹ fi orúkọ mi síbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó tún pe orúkọ náà fún un, Abọ́sẹ̀dé àti Ajíṣafẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò dá a lójú pé yóò rántí rẹ̀ títí di Sátidé.